Àwọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Àwọ̀: Ohun Tí Àwòrán-ilẹ̀ Kan Kọ́ Mi

Àwọn tó ti ń ka abala Yorùbá nínú ìwé wa yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ohùn, ọ̀rọ̀ àrànmọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ni a sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí i kọjá. Bí ẹ bá kà á dé ìdajì, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-èdè ló padà já sí, àti pé ọ̀rọ̀ náà kan ìyá àgbà mi gan-an.

Mémoire mi dá lórí bí èdè Kétu àti èdè Màhí ṣe ń gbé pọ̀ ní àwọn abúlé kan ní agbègbè Kétu. Olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n fi àwòrán-ilẹ̀ kan sí iwájú orí kejì. Ó ní, "Mo fẹ́ àwòrán-ilẹ̀ tó mọ́, tí kò ní dà bí ohun tí ewúrẹ́ jẹ kù nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ jáde." Mo wá inú yàrá ìkàwé títí, mo sì rí àwòrán-ilẹ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n fi àwọ̀ kùn: àwọ̀ ewé fún Kétu, ìyeyè fún Ṣábẹ̀ẹ́, búlúù fún Màhí, àwọ̀ osùn fún Fọ̀n, dúdú fún ìlà àti lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ lórí ìwé funfun. Bí ẹ bá ka funfun mọ́ ọn, àwọ̀ 6 ni. Mo gbé e sí skánà, mo gbé e wọ inú Inkscape, mo ní kí ó fa ìlà tẹ̀lé etí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan kò pé, ó ti parí. Ó dán, ó rẹwà, mo yọ̀.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Mo fẹ́ yọ búlúù kúrò kí n lè fi ọwọ́ ara mi ya ilẹ̀ Màhí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i nígbà tí mo lọ ṣe ìwádìí. Mo tẹ búlúù, mo pa á rẹ́. Mo rò pé n ó rí ìwé funfun. Àwọ̀ osùn ni mo rí. Ṣé Fọ̀n ti gba ilẹ̀ Màhí ni? Mo pa osùn rẹ́. Àwọ̀ ewé yọ, gbogbo ibẹ̀ di Kétu. Mo pa ewé rẹ́. Ṣábẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá, ó gba gbogbo ilẹ̀ náà. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, mo ti ja ogun mẹ́ta tí ìtàn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, mo sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo káwọ́ lérí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Àwòrán tí skánà gbé jáde, ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí a ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tò jọ. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ jù, etí rẹ̀ yóò máa ṣe gánńgan-gànǹgan bí ẹní tí wọn kò hun parí. Àwòrán onílà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní vectoriel, yàtọ̀ sí i. Níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú ẹyọ àwọ̀. Ìlà ló ń tọ́jú: ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti tẹ̀, ibi tó parí sí, àti àwọ̀ tí a ní kí ó kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ ọ́ di ńlá bí ògiri ilé tí etí rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́. Irú fáìlì tí Inkscape ń lò ni SVG, tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní 2001. Inkscape fúnra rẹ̀ ti wà láti 2003, ọ̀fẹ́ sì ni, kò gba fráǹkì kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí Inkscape fi ń fa ìlà tẹ̀lé etí àwọ̀ ni Potrace, iṣẹ́ ọwọ́ Peter Selinger. Ẹ fi èyí sọ́kàn: Potrace kò mọ àwọ̀. Dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Ohun tó bá dúdú, yóò fa ìlà yí i ká. Ohun tó bá funfun, yóò fi í sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ní àwọ̀ 6, Inkscape yóò pe Potrace ní ìgbà 6, yóò sì máa sọ ohun tó fẹ́ kí ó rí di dúdú fún un ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Nínú fèrèsé tí a ti ń pàṣẹ yìí, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Empiler" sí (èmi ń lo Inkscape tó ń sọ Faransé). Bí àmì bá wà nínú àpótí náà, kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ di dúdú ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó ń kó ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ọn. Ní tèmi, ìpele kìíní gba dúdú nìkan. Ìkejì gba dúdú àti búlúù. Ìkẹta gba dúdú, búlúù àti osùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i títí tí ìkẹfà fi gba gbogbo ojú ìwé. Lẹ́yìn náà, ó wá tò wọ́n lé ara wọn, èyí tó tóbi jù nísàlẹ̀, èyí tó kéré jù lókè.

Ẹ wo obìnrin tó wọ yẹ̀rì, tó ró ìró lé e, tó tún gbá ìborùn mọ́ ìbàdí. Ẹni tó ń wò ó rí ìborùn, ó rí ìró tó yọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì rí etí yẹ̀rì. Ṣùgbọ́n ìró kò tán síbi tí ìborùn ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà lábẹ́ rẹ̀ yípo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán-ilẹ̀ mi rí. Kétu kò parí níbi tí Màhí ti bẹ̀rẹ̀. Ó farapamọ́ lábẹ́ Màhí ni.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ojú kò rí i? Ohun mẹ́ta ló burú. Èkíní, bí a bá sọ àwọ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí odò àti ọ̀nà lè hàn lábẹ́ rẹ̀, ibi tí ìpele mẹ́rin ti gorí ara yóò dúdú ju ibi tí ìpele kan wà lọ, àwọ̀ yóò sì máa parọ́. Èkejì, Inkscape lè wọn bí abala kan ṣe fẹ̀ tó. Bí abala bá wà lábẹ́ abala, a ó ka ilẹ̀ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀kẹta, bí a bá gbé fáìlì náà fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé ìwé alẹ̀mọ́, ẹ̀rọ náà yóò gé gbogbo ìlà, èyí tí a rí àti èyí tí a kò rí.

Àṣìṣe mi kìíní

Mo ronú pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ṣebí àmì inú àpótí "Empiler" ló fa gbogbo rẹ̀? Mo yọ àmì náà, mo tún àṣẹ pa. Lóòótọ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró ní ààyè tirẹ̀. Mo pa búlúù rẹ́, mo rí funfun. Mo ní ó tán.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo súnmọ́ àwòrán náà, mo rí i pé funfun tín-ín-rín wà láàárín abala kan àti èkejì, bí aṣọ tí okùn rẹ̀ ti tú. Ìdí rẹ̀ ni pé Potrace ń dán etí abala kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nígbà tó ń fa ìlà yí Kétu ká, kò rántí pé Màhí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màhí, kò rántí Kétu mọ́. Àwọn ìlà méjì tó yẹ kí ó jẹ́ ìlà kan kò bá ara wọn mu. Bí ẹni méjì bá fọwọ́ fa ìlà kan náà láìwo ojú ara wọn, ohun tí a ó rí nìyẹn. Nítorí èyí gan-an ni wọ́n fi ṣe àpótí "Empiler" náà: bí ìpele ìsàlẹ̀ bá gba abẹ́ tòkè, funfun kò ní yọ. Ìgorí-ara tí mo ń sá fún, òun ló ń bo ihò.

Nínú àwòrán-ilẹ̀ èdè, funfun tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ó ń sọ pé láàárín Kétu àti Màhí, ilẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń yọ ọ́

Ọ̀nà tó dára ni pé kí a jẹ́ kí àwọn ìpele gorí ara wọn ná, kí a wá fi ọwọ́ ara wa gé ohun tó farapamọ́ kúrò. Àṣẹ tó ń ṣe é ni Différence, nínú àtòjọ Chemin. Ctrl àti àmì ìyọkúrò ni bọ́tìnì rẹ̀. Ó máa ń mú abala méjì, yóò sì fi tòkè gé tìsàlẹ̀, bí ìgbà tí a fi ife gé ìyẹ̀fun pípò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: abala òkè tó ṣe ọ̀bẹ yóò pòórá lẹ́yìn iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú Ctrl+D, kí ẹ̀dà náà jẹ́ ọ̀bẹ, kí ojúlówó wà níbẹ̀.

Mo ń bẹ̀rù iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Mo rò pé mo ní láti fi dúdú gé ìpele márùn-ún, kí n fi búlúù gé mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wá lóye bí a ṣe tò wọ́n, mo rẹ́rìn-ín. Nítorí pé ìpele kọ̀ọ̀kan ti gba gbogbo èyí tó wà lókè rẹ̀ mọ́ra, èyí tó wà lókè rẹ̀ gan-an nìkan ni a ní láti fi gé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: ẹ fi ẹ̀dà ìkarùn-ún gé ìkẹfà, ẹ fi ẹ̀dà ìkẹrin gé ìkarùn-ún, títí dé òkè. Ìpele 6, gígé 5, ó parí. Bí ẹ bá sì ti yọ funfun ìwé kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ku gígé 4. Etí méjèèjì yóò bá ara wọn mu, nítorí pé ìlà kan náà ni ó di etí àwọn méjèèjì.

Àjákù yóò kù, bí àjákù aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ télọ̀. Níbi tí etí ìpele méjì ti yẹ kí ó pàdé, tí dídán rẹ̀ sì mú wọn yàtọ̀ díẹ̀, abala tín-ín-rín yóò ṣẹ́ kù. A lè tú abala náà sí wẹ́wẹ́ kí a sì máa pa àwọn àjákù rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀: bí a bá tú abala tó ní ihò nínú sí wẹ́wẹ́, ihò náà á di abala tó kún. Báyìí ni adágún ṣe lè di ìlú.

Ìdọ̀tí tí kì í ṣe ìdọ̀tí

N kò ní fojú fo ọ̀rọ̀ lẹ́tà, nítorí pé ó kan gbogbo wa. Ìwé àtijọ́ náà ní àbààwọ́n. Inkscape ní ibi tí a ti lè ní kí ó yọ àwọn tóótòòtó kéékèèké kúrò, a sì lè sọ iye píksẹ́ẹ̀lì tí nǹkan gbọ́dọ̀ tó kí ó tó kà á sí. Mo gbé iye náà sókè. Àbààwọ́n lọ. Mo wo orúkọ ìlú: "Ṣábẹ̀ẹ́" ti di "Sabee", "Ọ̀họ̀rí" ti di "Ohori". Lójú ẹ̀rọ yìí, àmì abẹ́ ẹ àti ọ, àti àmì ohùn, ìdọ̀tí ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fi ɛ àti ɔ kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ní Bẹ̀nẹ̀ ṣe là á sílẹ̀, yóò bọ́ lọ́wọ́ àdánù ti abẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n àmì ohùn rẹ̀ yóò bá tiwa lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fa ìlà tẹ̀lé lẹ́tà rárá. Ẹ pa gbogbo lẹ́tà rẹ́, kí ẹ tún un tẹ̀ pẹ̀lú fọ́ǹtì tó ní gbogbo àmì wa. A ti jà fún àmì ohùn nínú kíláàsì pẹ́, kò yẹ kí a fi ọwọ́ ara wa gbá a dànù nínú àwòrán.

Bọ́tìnì kan ṣoṣo

Nígbà tí ìsàlẹ̀ ti mọ́, mo wá ya ohun tèmi lé e lórí. Nínú ìwádìí mi, mo ti kọ orúkọ àwọn abúlé tí wọ́n ti ń sọ Kétu nínú ilé, àti ti àwọn tí wọ́n ti ń sọ Màhí. Mo ya abala kan yí àwọn ti Kétu ká, mo kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ kejì, mo ya abala yí àwọn ti Màhí ká, mo kùn ún ní búlúù. Abala méjèèjì gorí ara wọn ní àárín, nítorí pé abúlé mélòó kan wà nínú àtòjọ méjèèjì. Abúlé ìyá àgbà mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Inkscape 1.3, tó jáde ní 2023, mú àṣẹ tuntun kan wá tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Flatten. Ohun tí mo ṣe ní gígé márùn-ún, àṣẹ yìí ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: gbogbo apá tí abala mìíràn bá bò mọ́lẹ̀, yóò gé e kúrò. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi hàn mí. Mo mú gbogbo rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo abala dúró gbọn-in, kò sí èyí tó gorí èkejì. Àwòrán-ilẹ̀ tó mọ́ bí olùkọ́ mi ṣe fẹ́ ẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé ńlá, mo ká a, mo sì gbé e dání nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi Àjíǹde.

Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí àpótí, ó wá abúlé wa títí ó fi rí i.

"Àwọ̀ wo ni èyí tó wà lórí wa yìí?"

"Búlúù ni, bàbá."

"Ta ló ni búlúù?"

Mo wo àlàyé àmì, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. "Màhí ni, bàbá."

Ìyá àgbà dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, èdè tí mo fi ń kì ọ́ láti kékeré, èdè ta ni?"

N kò lè dáhùn. Mo ní n ó ṣàtúnṣe, n ó sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ìyàwó ilé wa kan wà níbẹ̀, ọmọ Màhí ni, ó ti wà nílé wa kí wọ́n tó bí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí o bá sọ ọ́ di ewé, èmi ńkọ́? Kí n kó ẹrù mi?" Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dá a lóhùn. Tèmi ni a ń sọ ní àgbàlá, tirẹ̀ ni èmi àti ẹ̀ ń sọ lọ́jà. Níbo lo kọ ìyẹn sí?"

Kò sí ibi tí mo kọ ọ́ sí. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o, láìmọ̀: nígbà tí abala méjèèjì ṣì gorí ara wọn, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnì tó gé e kúrò.

Ta ló wà lókè?

Mo ro ọ̀rọ̀ náà nínú ọkọ̀ títí mo fi padà dé Kàláfì. Kí ló dé tí abúlé wa fi di Màhí, tí kò di Kétu? Kì í ṣe pé Màhí pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe pé ìwádìí mi sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ni pé ọjọ́ kejì ni mo ya ti Màhí. Ohun tí a bá yà gbẹ̀yìn ni ó ń wà lókè, ohun tó bá sì wà lókè ni àṣẹ náà ń gbè lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ti Màhí ni mo kọ́kọ́ yà, ìyàwó ilé wa ni ìbá di ẹni tí a kò rí. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ìwádìí pinnu, àkókò tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ló pinnu rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ abúlé kan nìkan ni. Ẹ wo Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá ní àwọ̀ kan péré láti fi kun ìlú náà, ṣé Gùn ni yóò kùn ni, àbí Yorùbá? Ẹni tó bá ti dé ọjà ibẹ̀ rí mọ̀ pé ẹni tó ń tajà lè fi ọ̀kan kí ẹ, kí ó fi èkejì dúnàá-dúrà pẹ̀lú ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lé lórí ní 1889: ìlà tí kò gba ìgorí-ara ni. Ó fi Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sí apá kan, ó fi àwọn ará wọn sí apá kejì, ṣùgbọ́n èdè kò gbọ́ pé wọ́n fa ìlà.

A kọ́ nínú kíláàsì nípa Jules Gilliéron, tí àwòrán-ilẹ̀ èdè Faransé rẹ̀ jáde láàárín 1902 sí 1910. Edmond Edmont ló lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un ní ibùdó 639. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa, ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe rin ìrìn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò fiyè sí nígbà náà ni pé Gilliéron kò kun ilẹ̀ ní àwọ̀. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí, bí wọ́n ṣe pè é. Ìlà tó ya ibi tí wọ́n ti ń pe "ilé" kúrò lára ibi tí wọ́n ti ń pe "ulé", àwa tó ń ka àwòrán ni a ń fà á. Ẹni tó bá kun ilẹ̀ ti fa ìlà náà fún òǹkàwé kí òǹkàwé tó rí ọ̀rọ̀ kankan.

Bí mo ṣe tún un ṣe

Mo padà sí fáìlì tí mo tọ́jú kí n tó tẹ Flatten. Ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà kan kí ẹ tó gé ohunkóhun, mo bẹ̀ yín. Mo yan abala Kétu àti abala Màhí pọ̀, mo ṣe ẹ̀dà wọn, mo wá pàṣẹ Intersection fún àwọn ẹ̀dà náà. Àṣẹ yìí ń ju gbogbo nǹkan nù, ó ń fi ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé nìkan sílẹ̀. Ibi ìpàdé náà wá di abala kẹta, tó dá dúró. Lẹ́yìn náà ni mo fi ẹ̀dà abala kẹta yìí gé Kétu, mo sì fi ẹ̀dà mìíràn gé Màhí, pẹ̀lú Différence. Abala mẹ́ta, kò sí èyí tó gorí èkejì, kò sí ẹni tó farapamọ́ lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi ìlà ewé àti ìlà búlúù tò mọ́ra kun abala kẹta, mo sì kọ ọ́ sínú àlàyé àmì: "Kétu àti Màhí pọ̀".

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gígé yín péye, ẹ wọn bí abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe fẹ̀ tó, ẹ ro wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, ẹ so ẹ̀dà náà di abala kan pẹ̀lú Union, kí ẹ tún un wọ̀n. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ti ìròpọ̀ bá pọ̀ jù, a jẹ́ pé ìgorí-ara ṣì wà níbì kan.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ mi, mo ti múra àtijiyàn. Mo rò pé yóò ní kò mọ́ tó. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Mímọ́ tí mo wí, n kò ní kí o gbá àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀." Ó wá bi mí léèrè ohun tó jinlẹ̀ ju ti àwọ̀ lọ: nínú abúlé tí mo kùn ní ìlà méjì yìí, ta ni ń sọ èwo, fún ta ni, níbo? Àgbàlá àti ọjà tí ìyá àgbà sọ ni mo fi dá a lóhùn. Orí kẹta mémoire mi nìyẹn báyìí. Kò sí nínú ètò mi tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nínú àwòrán tí kọ̀ǹpútà bá fa ìlà rẹ̀, ìgorí-ara oríṣi méjì ni yóò wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ: ó fi í síbẹ̀ kí funfun má bàa yọ, kò sì sọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ náà. Ẹ gé e kúrò, ẹ má wo ojú rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti àwọn ènìyàn: wọ́n jọ ń gbé ni, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bára wọn nájà. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, bọ́tìnì kan náà ló ní fún wọn. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ló yẹ kí a mọ̀ ọ́n kí a tó na ọwọ́ sí bọ́tìnì.

Mo ti fi àwòrán-ilẹ̀ tuntun náà ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìyẹ̀wù. Ìyá àgbà béèrè irú ohun tí mo fi kun abúlé wa, wọ́n ní ìlà ewé kan, ìlà búlúù kan, bí aṣọ òfì. Ó ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé pé àwọn Fọ̀n méjì náà wà ní ẹ̀yìn ilé ìwé.

Mo ń ṣí fáìlì náà padà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó yá ju tèmi lọ, kí ó kọ ọ́ wá fún ìwé wa tó ń bọ̀. Ó dìgbà o.